Ìró Tí Alàgbà Havili Gbọ́

Ní ìjọ tiwa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni à ń pè ní Alàgbà. Kò tíì ní irùngbọ̀n tí yóò fá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kí kọ́là má jó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti so táì mọ́rùn, tí ó fi báàjì dúdú sáyà, Alàgbà ló dà yẹn, èmi tí mo lè bí ìyá rẹ̀ á sì máa fi oyè náà pè é. Méjì-méjì ni wọ́n ń rán wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n wàásù, kí wọ́n sì máa ran ará ìlú lọ́wọ́ fún ọdún méjì. Mo ti bọ́ tó ọgọ́rùn-ún nínú wọn nídìí tábìlì mi. Púpọ̀ nínú wọn, mi ò rántí orúkọ wọn mọ́. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ tán ni mo rántí.

Semisi Havili ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ti di ọkùnrin gidi báyìí, ó ń ṣe púlọ́ńbà ní Euless ní Texas, ó ti bí ọmọ mẹ́rin. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí, láàárín àwọn ará Tonga tí wọ́n pọ̀ ní àdúgbò yẹn. Bàbá rẹ̀ ń kó ẹrù sínú bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú; ìyá rẹ̀, Mele, ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé wọn. Màmá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ, obìnrin yẹn sì ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé ọjọ́ tí ó bá rí àgbà nílẹ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀ gbé e, kó má padà wá sílé òun. Havili ga dé àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn mi, ó sì fẹ̀ ní èjìká débi pé ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi wọlé. Ilé-ìwé gíga kan fẹ́ kó wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ó ní kí wọ́n dúró de òun ná, òun ń lọ sìn.

Ó ti ń gbàdúrà pé kí wọ́n rán òun lọ sí Tonga, erékùṣù àwọn baba rẹ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà ìpè rẹ̀ dé, mọ̀lẹ́bí kún pálọ̀ fọ́fọ́, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin, ó ya á, ó kà á sókè: Idaho.

Màmá àgbà rẹ̀ béèrè pé, "Níbo nìyẹn?"

Bàbá rẹ̀ dáhùn pé, "Ibi tí ọ̀dùnkún ti ń wá."

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011 ló dé ọ̀dọ̀ wa ní àfonífojì Bear Lake, nínú bàtà aláwọ pẹlẹbẹ kan tí kò ní eyín nísàlẹ̀. Láti ẹnu ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lórí yìnyín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ilẹ̀ yín ò tíì mọ̀ mí ni." Láti ọjọ́ náà ló ti wọ̀ mí lára.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe àgbà fún un lẹ́nu iṣẹ́ ni Alàgbà Cluff, ọmọ Blanding ní Utah, ọ̀dọ́mọkùnrin tínínrín kan tí kì í rẹ́rìn-ín kó pẹ́. Nígbà Kérésìmesì ọdún náà, ọdún méjì tirẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé. Kò tíì rú òfin kankan láti ìgbà tó ti dé, ó sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí yóò fi wọ ọkọ̀ ilé. Òfin wọn pọ̀. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ kúrò lójú ẹnì kejì. Ibi tí ọ̀kan bá lọ, ibẹ̀ ni èkejì ń lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí ẹni tó bá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló so ẹsẹ̀ Havili lálẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ.

Ọ̀ràn náà kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà. Ọ̀dọ̀ èmi LaRue Passey ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní àbúrò kan, Verl. Ọdún kan àti oṣù méjì péré ni mo fi jù ú, bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ sùn ní kékeré. Nígbà tó lé díẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún, ó kúrò nínú ìjọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò kàn wá mọ́ ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá wa ní 1980, ó dúró síta ilé ìjọsìn nínú òtútù, kò wọlé. Mo jáde lọ bá a. Àwa gbà pé ìdílé tí a bá so pọ̀ nínú tẹ́ńpìlì kì í tú ká, pé gbogbo wa la ó tún jọ jókòó lókè. Mo wá dúró sójú gbogbo ènìyàn, mo ní, "Verl, nígbà tí Màmá bá ń ka àwa ọmọ ẹ̀ lọ́run, àga kan á ṣófo. Tìẹ ni."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó wò mí, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìlú wa kéré, a ò lè ṣe ká má pàdé, ṣùgbọ́n bí ó bá rí mi ní ilé ìtajà, ibi tí wọ́n pàtẹ ìṣó sí ló máa ń kọjú sí, á máa yẹ ìṣó wò bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé mìíràn. Ọkọ mi kú, kò wá. Ìyàwó rẹ̀ kú, mo lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Àwa méjèèjì ti ń dàgbà lọ, ẹ̀rù sì ti ń bà mí pé ikú ló máa parí ìjà náà fún wa.

Ọdún yẹn ni mo wá dá ọgbọ́n kan. Ní àfonífojì wa, bí Kérésìmesì bá ku ọjọ́ méjìlá, ẹ ó máa rí àwọn tí ń rìn bí olè ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó dá wà, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ tàbí ẹ̀bùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á tẹ agogo, wọ́n á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Alẹ́ méjìlá gbáko ni wọ́n ń ṣe é. Adùn rẹ̀ ni pé ẹni tí a ń fún kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó fún un. Mo ní màá ṣe é fún Verl. Bí kò bá mọ̀ pé èmi ni, bóyá yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò lè sáré. Àwọn ọmọdé ìjọ yóò sì máa rẹ́rìn-ín, yóò gbọ́ wọn. Mo pe àwọn Alàgbà.

"Ẹ fetí sí mi dáadáa," mo sọ fún wọn nínú kíṣìnnì mi. "Ilé tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà adágún ni. Ẹ pa ọkọ̀ sísàlẹ̀, lẹ́bàá àpótí lẹ́tà, kó má gbọ́ ìró ẹ. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ tẹ agogo, ẹ sá. Bí Verl bá fi lè rí táì yín, ó tán. Á dà á fún ajá."

Havili béèrè pé, "Ṣé wọ́n ní ajá ni, Màmá?"

"Kò ní. Á torí ẹ̀ wá ajá sin."

Cluff ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé rẹ̀.

"Ẹ má sì wẹ̀yìn," mo ní. "Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ má wẹ̀yìn."

"Tí wọ́n bá pè wá ńkọ́?" Havili tún béèrè.

"Pàápàá tó bá pè yín."

Wọ́n ṣe é fún alẹ́ méje, kò sì sí wàhálà. Ní alẹ́ kẹjọ, ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, òtútù wá tí mo mọ̀ pé ó lè pa àgùntàn. Agogo márùn-ún ti lé díẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, nítorí ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú nílẹ̀ wa nígbà òtútù. Àwo bisikíìtì ni mo tún fi rán wọn, bíi ti alẹ́ méje àkọ́kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu Havili ni mo ti gbọ́ ọ, Cluff náà sì jẹ́rìí sí i.

Havili gbé àwo náà sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹ agogo, àwọn méjèèjì sì yí padà, wọ́n sáré. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ó yá jù. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, tó ń dúró. Lẹ́yìn náà Havili gbọ́ gbì, àwo fọ́, ohùn kan sì kérora lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dúró.

"Alàgbà, dúró ná."

"Máa bọ̀," Cluff ní, kò dẹ́kun ìrìn.

"Nǹkan ṣubú."

"Yìnyín orí òrùlé ló já. Ojoojúmọ́ ló ń já."

"Yìnyín kì í kérora."

Cluff dúró nígbà náà, ṣùgbọ́n òun náà kò wẹ̀yìn. "Ṣé o rí i ni?"

"Wọ́n ní ká má wẹ̀yìn, báwo ni mo ṣe máa rí i?"

"Ó dáa. Arábìnrin Passey sọ ọ́ fún wa: ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ méje la ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, o fẹ́ bà á jẹ́ lórí ìró? Bí bàbá yẹn bá rí wa, gbogbo ẹ̀ wọ́gilé. Wọ ọkọ̀."

Havili dúró síbẹ̀. Kò lè dá padà, òfin ò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè fa àgbà rẹ̀ padà. Ó fetí sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó wọ ọkọ̀. Nínú ọkọ̀, Cluff ní kó má sọ nǹkan kan fún mi, kí wọ́n má kó jìnnìjìnnì bá arúgbó lórí asán. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọn yóò wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ kí wọ́n wò ó.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti fẹ́ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe wọlé, mo ti ń béèrè kí wọ́n tó bọ́ bàtà.

"Ó ṣe?"

"Ó ṣe, Arábìnrin Passey," Cluff dáhùn kíá.

"Ó ṣílẹ̀kùn?"

"Ó ṣí i. Kò rí wa."

Mo pàtẹ́wọ́. Mo gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ jáde, àti ọ̀dùnkún tí mo fi wàràkàṣì sè, àti jẹ́lì aláwọ̀ ewé tí mo bu kárọ́ọ̀tì sí, èyí tí gbogbo wọn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń jẹ tán. Havili jókòó. Kò wo oúnjẹ. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Alàgbà Havili, ṣé wọ́n ti so ẹnu yín ni?" mo ní. "Àbí ẹ ti jẹun lọ́dọ̀ orogún mi?"

Cluff rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Havili kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àárò ilé ló ń sọ ọ́, torí Kérésìmesì máa ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Láti fi gbé e nínú sókè, mo ní kí òun gbàdúrà sí oúnjẹ.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó ká ọwọ́ sáyà, a ó di ojú, kò sì sí ẹni tí yóò la ẹnu títí di àmín. Bí ìkòkò ń jó lórí iná, jíjó ni yóò jó. Bí mo ṣe tọ́ àwọn ọmọ mi nìyẹn, bí ìyá mi ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

"Baba wa tó ń bẹ lọ́run," Havili bẹ̀rẹ̀, "a dúpẹ́ fún oúnjẹ yìí. A dúpẹ́ fún Arábìnrin Passey àti ọwọ́ tó sè é." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Baba, ẹ dákun, ẹ bá wa ṣọ́ bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé wọ́n ti dìde."

Àga Cluff dún.

"Mo gbọ́ tí wọ́n ṣubú. Mo gbọ́ tí wọ́n kérora, mo dúró, mo sì tún lọ. Àgbà mi ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, Ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú ó lé mẹ́fà báyìí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ yìnyín ni. Bí kì í bá ṣe yìnyín, Baba, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kú síbẹ̀."

Mo lajú. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì lajú nínú àdúrà rí. Mo rí i pé Cluff náà ti lajú. A ń wo ara wa láti apá méjèèjì ẹran náà, ojú rẹ̀ sì funfun bí àwo. Havili ṣì dijú.

Mo béèrè pé, "Ta ló ṣubú?"

Láì lajú, Havili dáhùn pé, "Bàbá Verl ni, Màmá."

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣe àmín.

Ọkọ̀ akẹ́rù mi la wọ̀, èmi ni mo wà á. Òfin wọn ní wọn ò gbọdọ̀ bá obìnrin nìkan wọ ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí. Cluff ń pe àwọn áńbúláǹsì lórí fóònù. Wọ́n ní ojú ọ̀nà burú, yóò tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó dé. Inú bí mi sí Cluff tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi la ẹnu láti kó èébú bò ó, ṣùgbọ́n ohùn ara mi ló ń dún sí mi létí, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, mo sì pa ẹnu dé. Taya ń yọ̀ lórí yìnyín. Mo ń tẹ̀ ẹ́ síwájú ṣáá.

"Ìṣẹ́jú mélòó?" mo béèrè.

"Mọ́kàndínlógójì," Havili ní. Kò tíì gbójú kúrò lára aago náà.

Iná ẹnu ọ̀nà Verl ń tàn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó wà nílẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, nínú ṣẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ sí. Àwo mi fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbọ̀n. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, torí àgùntàn la sìn lọ́dọ̀ ọkọ mi, mo sì mọ̀ pé ẹran tí kò gbọ̀n mọ́ nínú òtútù ti ń lọ.

Havili ti kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá. Bàbá Verl. Ẹ dá mi lóhùn."

Èmi ò mọ ohun tí mo lè fọwọ́ mú. Cluff ló mọ̀. Mo gbọ́dọ̀ fi èyí yìn ín. Ó já táì rẹ̀, ó já ti Havili, ó mú ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín tó fara ti ògiri, ó sì fi táì méjèèjì di igi rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tó kán náà. "Gbé wọn gbọọrọ," ó ní. "Má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn tẹ̀. Rọra." Havili kó ọwọ́ sábẹ́ àbúrò mi, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó sì gun àtẹ̀gùn náà, nínú bàtà pẹlẹbẹ rẹ̀, láìyọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé yẹn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Lórí tábìlì, àwo mi méje wà níbẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n lé ara wọn. Mo rí wọn, ṣùgbọ́n àyè ẹkún ò sí.

A tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú sítóòfù. Cluff ń kó igi sí i. Mo kó gbogbo kúbùsù tó wà nílé náà jọ. Mo fẹ́ máa fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀, Cluff ní, "Ẹ má rà á, Mà, ẹ ó bó o láwọ." Havili bọ́ kóòtù, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sùn ti Verl lẹ́yìn, ó gbá a mọ́ra lábẹ́ kúbùsù. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí ní èdè àwọn baba rẹ̀, ohun tí mi ò gbọ́. Èmi náà kúnlẹ̀ síwájú.

"Verl, LaRue ni. Verl."

Mo fi ọwọ́ sí i nímú, èémí ń wá, ó ń wá díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà á dá, mo sì ń dúró títí á fi tún wá. Mo ti bí ọmọ márùn-ún, mo ti sin ọkọ, kò sí ìdúró tó gùn tó èyí rí. Cluff ń gbàdúrà sínú, ètè rẹ̀ ń mì. Mo fẹ́ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni jọ̀ọ́.

Ó ṣe, Havili gbé orí sókè. "Màmá. Wọ́n ń gbọ̀n."

Lóòótọ́ ni. Ó kọ́kọ́ gbọ̀n díẹ̀ ní èjìká, lẹ́yìn náà gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ ló lajú, ó sì ń wo sítóòfù.

"Ta ló wà lẹ́yìn mi?"

"Havili ni, Bàbá."

"O wúwo," Verl ní, ó tún dijú.

Àwọn áńbúláǹsì dé, wọ́n gbé e lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, dókítà ní ẹsẹ̀ náà yóò jinná, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì tí òtútù ti pa ò ní ṣeé gbà là. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Havili kò jókòó. Ó dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ orí ba.

"Bàbá, mo gbọ́ tí ẹ ṣubú, mo sì fi yín sílẹ̀. Ẹ̀bi mi ni."

"Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀," Cluff ní. Ojú rẹ̀ ti wú. "Ó fẹ́ padà, èmi ni mo ní kó wọ ọkọ̀. Èmi ni àgbà. Ẹ̀bi mi ni, Sà."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́ ẹnu yín," mo ní. "Èmi ni mo ní kí wọ́n má wẹ̀yìn. Verl, mo sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì."

"Màmá, ẹsẹ̀ mi ló lọ, kì í ṣe tiyín," Havili ní.

"Ẹsẹ̀ ẹ, àṣẹ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́," Verl ní, "aláìsàn kan wà nínú yàrá yìí."

Ó wo Havili fún ìgbà pípẹ́.

"Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ kan dúró," ó ní. "Ẹsẹ̀ ńlá. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè pariwo, èémí mi ti já. Mo ní, ó ti gbọ́ mi, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó tún ń lọ."

Omi ń ṣàn lójú Havili, kò nù ún. "Èmi ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ta tún ló ní irú ẹsẹ̀ yẹn?" Verl gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó jẹ́ kó balẹ̀. "Èmi náà kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn lọ́jọ́ kan. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò tíì padà. Ìwọ, o ò lò tó wákàtí kan kí o tó padà. Jókòó, ọmọ, o ti dí gbogbo fèrèsé."

Havili jókòó. Mo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Torí n kò mọ ohun tí mo lè sọ, ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Kí ló ń gbé ẹ jáde sórí yìnyín láìwọ bàtà? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mo mọ ọwọ́ ẹ láti alẹ́ kìíní," ó ní. "Ta ni ó ń bu ata dúdú sí bisikíìtì nínú ìlú yìí tí kì í ṣe ọmọ Màmá? Mo sì mọ̀ pé o ò lè sáré. Mo ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ mẹ́rin, kí n lè gbá ọ̀kan nínú wọn mú. Wọ́n ti yá jù mí lọ."

"O fẹ́ gbá wọn mú kí o ṣe kí ni?"

"Kí n rán wọn sí ẹ. Kí wọ́n ní kí o máa gbé e wá fúnra ẹ."

Mo di irin bẹ́ẹ̀dì náà mú. "Mo bẹ̀rù pé o máa dà á nù ni, Verl."

"Ó ṣeé ṣe kí n dà á nù," àbúrò mi ní. "Ṣùgbọ́n wàá ti wà níwájú mi."

Cluff dìde, ó fa Havili lápá, àwọn méjèèjì rọra jáde, wọ́n sì fa ilẹ̀kùn dé.

Mo ní, "Verl, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá..."

"Mo gbọ́ ọ nígbà yẹn," ó ní. "Nǹkan mìíràn ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo jókòó, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì sọ ọ́ fún un: "Dárí jì mí, Verl."